Oògùn Tó Sùn Lábẹ́ Ẹja

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí Ọ̀ṣuntọ́lá ti ń kan ilẹ̀kùn Jannat ẹlẹ́ja. Ó kàn án, ó dúró, ó tún un kàn. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó tún un wé, ó tún tú u. Láti alẹ́ àná ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀, nítorí ohun tó gbé pamọ́ sílé yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé pamọ́ sílé ẹlẹ́ja.

Ta ni kí a dá lẹ́bi? Òjò ọ̀sán Àìkú wó òpó iná kan ṣoṣo l'Ọ̀mù-Àrán, àdúgbò mẹ́ta wọ òkùnkùn. Àwọn oníná ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wà. Fíríìjì pálọ̀ ilé Ọ̀jẹ̀túndé, ilé Ọ̀ṣuntọ́lá, wá di kọ́bọ́ọ̀dù funfun, jẹnẹrétọ̀ wọn sì ti dákẹ́ láti ìgbà Kérésì. Nínú gbogbo àdúgbò, ọ̀dọ̀ Jannat nìkan ni ẹ̀rọ ti ń hó mọ́jú, torí pé ẹja yìnyín kò mọ̀ pé òpó wó.

Ilẹ̀kùn ṣí. Jannat yọjú, abẹ́rẹ́ kékeré kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ìyá mi ni mò ń gún. Àtọ̀gbẹ yẹn ò mọ̀ pé àárọ̀ Ajé ni. Bí n kò bá gún wọn kí wọ́n tó fẹnu kan ẹ̀kọ, ọjọ́ bàjẹ́ nìyẹn."

"Ṣé dáadáa ni wọ́n jí?"

"Wọ́n jí, alihamudulilahi, wọ́n tún ti ń bú mi. Abẹ́rẹ́ adìẹ yín lẹ wá gbà? Ó wà ńbẹ̀ digbí. Mo tọ́jú ẹ̀ ju bí ẹ ṣe gbé e wá lọ."

Ọ̀ṣuntọ́lá kò fẹ́ràn gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Jannat ṣí fírísà ńlá tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀, òun náà sì na ọwọ́ sápá òkè, síbi ọpọ́n omi tútù tó gbé ẹrù rẹ̀ lé lálẹ́ àná. Ọwọ́ rẹ̀ kò bá nǹkan kan.

"Kò sí níbẹ̀ mọ́," Jannat wí. Ó kó ẹja Títọ́ọ̀sì kúrò, ó kó páńlá kúrò, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọmọ odó, ó sì ń fi gbá yìnyín ìsàlẹ̀ fírísà, gbà, gbà, gbà. 

"Jannat, òkè ni mo gbé e sí."

"Òkè kẹ̀? Màmá, Alàájì Sàlíhù tó ń tọ́jú adìẹ, ibí yìí náà ló ń gbé tiẹ̀ sí. Ó ní abẹ́rẹ́ adìẹ fẹ́ràn yìnyín bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Mo rí i pé ẹ gbé tiyín sórí omi lásán, mo ní àgbà ti gbàgbé, mo bá bá yín tì í bọ ìsàlẹ̀ kí n tó lọ sùn. Ẹ ò jẹ mí ní nǹkan kan o. Ẹ ṣáà fún mi lẹ́yin méjì lọ́jọ́ ọdún."

Ẹrù náà jáde, ọ̀rá dúdú mẹ́ta tí wọ́n fi wé ara wọn, ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ ọn. Ó le bí òkúta. Ọ̀ṣuntọ́lá gbà á, ó sì dúpẹ́. Kí ni ì bá wí? Ẹni tó fi tọkàntọkàn ṣoore fúnni, èèyàn ò lè bú u, àgàgà tó bá jẹ́ pé irọ́ tìrẹ gan-an ló tẹ̀ lé.

"Màmá, ṣé Bashir ló ń gbé yín lọ Ìlọrin? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó fi mí sẹ́yìn. Ẹja fẹ́ẹ́ tán lọ́wọ́ mi."

"Kò burú," ni Ọ̀ṣuntọ́lá wí kó tó mọ ohun tó ń wí.

Ẹ̀yìn ilé adìẹ rẹ̀ ló ti dúró, tó tú ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Páálí kékeré kan wà nínú rẹ̀, yìǹkì pupa sì wà lára páálí náà, ìwé ọwọ́ Ìmísí ọmọ àbúrò rẹ̀: KÒ GBỌDỌ̀ DÌ. Ọmọ náà kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fàlà sí i nídìí. Ìgò méjì ló wà nínú páálí, wọn kò ju àtàǹpàkò lọ. Ọ̀ṣuntọ́lá gbé ọ̀kan sétí, ó mì ín. Kò dún. Ó gbé èkejì. Kò dún.

Ọjọ́ Jimọ̀ ni Ìmísí gbé oògùn yìí ti Èkó wá, kí ó tó padà síbi iṣẹ́ ní àárọ̀ Àìkú. Ìlọrin ló kọ́kọ́ yà, ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Oògùn náà ti tán lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn, àwọn náà ló ní kí wọ́n lọ wá a ríra, síbẹ̀ àwọn alákòóso ilé oògùn wọn wò ó lójú, wọ́n ní àwọn kì í tọ́jú oògùn tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ni wọ́n ti rà á, kó gbé e padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ilé ìwòsàn ńlá, fíríìjì tó ga ju ọkùnrin lọ, kò sí àyè fún ìgò méjì tó tó àtàǹpàkò! Ìmísí wá gbé e délé, ó kó gbogbo ilé jọ, ó sì sọ fún wọn bí ẹni ń ka òfin: "Bó bá gbóná, ó bàjẹ́. Bó bá dì, ó ti bàjẹ́ tán. Ẹ lè yọ́ ọ o, á tún mọ́ gaara lójú yín, ṣùgbọ́n omi lásán lẹ ó fà sára Mọ́mì."

Jẹjẹrẹ ọyàn ló ń bá Rúùtù, ìyá Ìmísí, jà. Ọ̀ṣuntọ́lá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé. "Àrùn yẹn" ni òun ń pè é, òun sì ni àgbà ilé, ẹ̀gbọ́n ọkọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Àwọn àna láti Òwu-Ìsin ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nítorí Ìmísí lóṣù tó ń bọ̀. Ta ló ń gbé ọmọ nílé tí irú àrùn yẹn wà? Ìyẹn ló fi wí fún àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi pé ọgbẹ́ inú ló ń ṣe ìyàwó wọn. Ìyẹn náà ló fi ní abẹ́rẹ́ adìẹ lòun gbé wá, nígbà tí Jannat bi í léèrè lálẹ́ àná. Irọ́ kékeré ni, kò ju ẹyin lọ.

Ó kó ìgò padà sínú páálí, ó gbé páálí sínú kúlà tí wọ́n máa gbé rìnrìn àjò. Ó wá ṣe ohun kan tí kò wo ojú ara rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. Ó kó gbogbo ọ̀rá omi tútù inú kúlà náà jáde, ó dà wọ́n sínú abọ́ omi adìẹ, ó sì fi ìdérí kúlà sílẹ̀ díẹ̀, kí ọyẹ́ má baà pọ̀ nínú rẹ̀.

Nínú ilé, ìjà ti wà nílẹ̀. Oyèyẹmí, ọkọ Rúùtù, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, dúró ti tábìlì pẹ̀lú àwo ẹyin díndín lọ́wọ́.

"Jẹ díẹ̀ sí i. Dókítà ní kó o máa jẹ ẹyin."

"Dókítà kò gbóòórùn ẹ̀," Rúùtù wí. Ó ti fi ìdí ọwọ́ bo imú. Kò sí irun kan lórí rẹ̀, sáfù aláwọ̀ ewé ló fi wé e. "Bàbá Ìmísí, gbé e jáde kí n tó bì. Ẹ fún mi lẹ́kọ gbígbóná, kí ẹ má fi nǹkan kan sí i."

"Ọjọ́ méjì lo ti fi ń jẹ ẹ̀kọ lásán. Ṣé ẹ̀kọ ló máa ru ọ́ débẹ̀?"

"Bashir ni yóò rù mí. Àbí ẹ ò sanwó fún un ni?" Ó rí Ọ̀ṣuntọ́lá lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ káàárọ̀. Ṣé Atúdè jí dáadáa?"

Òun ló sọ àwọn oògùn méjèèjì lórúkọ. Èyí tó ń pa irun ló ń pè ní Apani. Èyí tó wà nínú kúlà ló ń pè ní Atúdè.

"Ó jí," Ọ̀ṣuntọ́lá dáhùn, ó sì gbé kúlà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé," Oyèyẹmí wí. Ó gbàgbé ìjà ẹyin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ojú rẹ̀ tàn, ó dà bíi pé kíláàsì mẹ́fà ló dúró níwájú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń lọ Ìlọrin ló ń ṣe é. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí bí dókítà ṣe là á yé wa? Olè tó wọ aṣọ ará ilé ni àrùn yìí. Àwọn ọlọ́dẹ tí Ọlọ́run fi sínú ara ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n ń kí i pé ẹ kú ilé. Apani wá wọlé, ó ń pa àwọn olè náà. Ṣùgbọ́n pípa nìkan kọ́ là ń wá! Ọ̀nà tó ń gbà pa wọ́n ni pé bí wọ́n ti ń kú ni wọ́n ń ké, àṣírí wọn ń tú, àwọn ọlọ́dẹ á wá mọ ojú gbogbo ìyókù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé olè yẹn ti so àwọn ọlọ́dẹ lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ igbe, wọn ò lè dìde. Atúdè ló ń tú wọn sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá wá tí èkejì ò wá, iṣẹ́ ò délé."

"Igbe láìsí ọlọ́dẹ, ariwo ọjà ni," Rúùtù fi kún un. Ó ti mọ ẹ̀kọ́ náà lórí. Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. "Kókó tó tó ẹyin adìẹ yín, Màmá, ó ti di ẹyin ẹyẹlé. Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n lánàá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre, kí wọ́n má ti gba ibùsùn mi."

Ọ̀ṣuntọ́lá ṣí ẹnu. Oyèyẹmí wò ó. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti wí i, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ẹlẹ́yin ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó ní kí wọ́n má gbàgbé káàdì.

"Ṣé omi tútù wà nínú kúlà náà dáadáa?" Oyèyẹmí bi í.

"Ó tutù tó."

Bashir dé ní aago méje kọjá, ó ń bú àwọn elépo. Oyèyẹmí jókòó níwájú. Rúùtù jókòó sẹ́yìn létí fèrèsé, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ ẹ. Ọ̀ṣuntọ́lá wà láàárín, kúlà lórí itan. Jannat sáré wá pẹ̀lú báàgì mẹ́ta tó ṣófo, ó jókòó sápá kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀kùn tó pa dé.

"Ìyá Ìmísí, ẹ kú ọgbẹ́ inú o. Wọ́n ní ẹ ti di wòlíì nídìí omi. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni wọ́n ti fá orí fún yín."

"Ẹ ò rí i pé mo ti ń ríran?" Rúùtù wí. "Mo rí i pé ẹja máa wọ́n."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, àfi ẹni tó wà láàárín. Wọ́n kọjá ẹnu ọ̀nà Àràndún, àwọn ọlọ́kadà to síbẹ̀, wọ́n ń dúró de èrò. Ọ̀ṣuntọ́lá ti ọwọ́ bọ inú kúlà, ó mú ìgò kan láàárín ìka méjì. Ó ṣì le. Ó yọ ọwọ́ jáde. Oòrùn ti ń wọ inú ọkọ̀. Ó ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ padà kí wọ́n tó dé Òró, ó gbọ́ kiní kan tó mì nínú ìgò náà, tín-ín-rín, bí itọ́ lọ́fun. Ó ti ń yọ́.

Ìròyìn ayọ̀ kẹ̀! Bó bá yọ́ tán, ta ni yóò mọ̀? Ìmísí ní á mọ́ gaara. Kò sí ẹni tó rí i lábẹ́ yìnyín àfi Jannat, Jannat kò sì mọ ohun tó rí. Bóyá àwọn òyìnbó tó ṣe é kàn ń dẹ́rù bani ni. Àṣé èèyàn lè jẹ́ àgbà ilé, kó máa bẹ ìgò bẹ́ẹ̀.

"Màmá, ẹ ò sọ̀rọ̀ lónìí," Rúùtù wí. Ó gbé orí lé èjìká rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n sùn lára yín díẹ̀."

Orí rẹ̀ fúyẹ́. Ọ̀ṣuntọ́lá kò mi èjìká náà títí wọ́n fi dé Àjàṣẹ́-Ìpo.

Àwọn fijilanté ló gbé igi dí ọ̀nà níbẹ̀. Nítorí àwọn ajínigbé ni, kò sí ẹni tó ń bínú sí wọn. Ọmọkùnrin kan tó gbé ìbọn ìbílẹ̀ kọ́ èjìká bẹ̀rẹ̀ sí fèrèsé.

"Ẹ káàárọ̀ o. Kí ló wà nínú kúlà yẹn, Màmá?"

Kí Ọ̀ṣuntọ́lá tó rí nǹkan wí, Jannat ti dáhùn. "Abẹ́rẹ́ adìẹ ni. Màmá ní adìẹ púpọ̀, àrùn wọ̀ wọ́n. Ilé mi ló sùn lánàá, lábẹ́ ẹja."

Ọmọkùnrin náà ní kí Ọlọ́run wo àwọn adìẹ sàn, ó gbé igi kúrò. Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà tí Oyèyẹmí yí orí padà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo kúlà. Rúùtù ti gbé orí kúrò léjìká tó sùn lé.

"Adìẹ wo?" ó bi í jẹ́jẹ́.

Ọ̀ṣuntọ́lá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Jannat ń wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ̀ pé òun ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, kò mọ ohun tó jẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Rúùtù wí, ó kọjú sí Jannat. "Adìẹ kan ló ń ṣàìsàn nílé wa. Adìẹ tó ti gbó díẹ̀. A ò tíì fẹ́ pa á."

Wọ́n wọ Ìlọrin. Jannat sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ọjà, ó ní òun á pe Màmá bí òun bá rajà tán. Ilẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì pa dé tí Oyèyẹmí bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Abẹ́rẹ́ adìẹ?"

"Ṣé kí n sọ fún un pé àrùn yẹn ni? Kó fi kọrin fún gbogbo oníbàárà ẹja? Ṣé ìwọ ni yóò wá dá àwọn ará Òwu-Ìsin lóhùn?"

"Ilẹ̀ Èsìẹ́ tí Bàbá fi sílẹ̀ fún mi ni mo tà ra nǹkan yẹn! Ẹ wá gbé e sábẹ́ ẹja?"

"Bàbá Ìmísí," Rúùtù wí. "Orí ń fọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀ ná."

Bí àyè bá wà láti sọ òótọ́, ibẹ̀ náà ni. Ọ̀ṣuntọ́lá mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.

Èrò ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Wọ́n wọn Rúùtù, ó ti dín díẹ̀ sí i. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Lubabah, nọ́ọ̀sì ọmọdébìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ tutù, wá iṣan, iṣan sá. Ó wá a lẹ́ẹ̀kejì, ó sá. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó rí i lẹ́yìn ọwọ́. Rúùtù kò ké, omi kàn bọ́ lójú rẹ̀ kan.

"Bàbá, ẹ gbé oògùn yín wá," Lubabah wí. "Èyí ni a ó kọ́kọ́ fún wọn, kí ìkejì tó wọlé. Ṣé inú òtútù ló wà látìgbà tí ẹ ti gbà á?"

"Inú òtútù," Oyèyẹmí dáhùn.

"Kò gbóná rí? Kò dì rí?"

Oyèyẹmí wo Ọ̀ṣuntọ́lá. Ìbínú ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ìyá kan náà ló bí wọn. "Kò gbóná rí, kò dì rí," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́jú ẹ̀. Ẹyin tí wọ́n ti ń tà láti ogún ọdún, a ò gbọ́ ọ rí pé ọ̀kan bàjẹ́."

Lubabah yọ ìgò kan, ó gbé e sókè síbi iná. Ó mọ́ gaara, bí omi òjò. Ó nu ẹnu ìgò, ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Rúùtù ti dijú, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń gbàdúrà sí omi náà kó tó wọ ara rẹ̀. Èyí ni Ọ̀ṣuntọ́lá kò lè gbà. Gbogbo rẹ̀ ni ì bá gbà, ṣùgbọ́n àdúrà yẹn, ó ju agbára rẹ̀ lọ.

"Má fà á."

Lubabah yíjú.

"Má fà á, ọmọ mi. Ó ti dì. Abẹ́ yìnyín ló sùn. Mo mì ín nídàájí, kò dún. Èmi ni mo yọ omi tútù inú kúlà dànù kó lè yọ́ lójú ọ̀nà. Omi lásán ni."

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ṣeé gbọ́. Oyèyẹmí pariwo, ó pe orúkọ bàbá wọn tó ti kú, ó ní bí kì í bá ṣe pé àgbà ni, ó sì jáde lọ kó tó sọ ìyókù. Àwọn aláìsàn orí ibùsùn mìíràn gbé ojú sápá ibòmíràn. Rúùtù la ojú, ó ń wo àjà. Ọ̀ṣuntọ́lá ń dúró kó bú òun. Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u.

Dókítà Àyìsátù dé, obìnrin kúkúrú kan tó ń yára rìn. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé ìgò náà wò, ó sì jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, òun àti èkejì rẹ̀. Ó dún nígbà tó balẹ̀.

"Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́, Màmá," ó wí. Kò fi ẹ̀rín sí i. "Apani yín á wọlé lónìí, a ò ní dá a dúró. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ máa dá ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí òmíràn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ gbé e wá, mà á fún wọn. Kí ẹ ṣáà wá fíríìjì tí iná kì í lọ níbẹ̀, tí kò sì ní sọ ọ́ di yìnyín."

"Dókítà," Rúùtù wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. "Fíríìjì tiyín ńkọ́?"

Dókítà wo ilẹ̀. "Mo ti kọ lẹ́tà," ó wí.

Kò sí ẹni tó béèrè ìgbà tó kọ ọ́.

Wọ́n gbé Apani kọ́. Ó ń kán wọlé, tó, tó, tó. Oyèyẹmí padà wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n, fóònù lọ́wọ́. Ó ní Ìmísí sunkún, lẹ́yìn náà ó ní òun máa tún wá òmíràn, kí wọ́n má bi òun bí òun ṣe máa ṣe é.

"Ẹ ta àwọn adìẹ mi," Ọ̀ṣuntọ́lá wí.

"Adìẹ mélòó?"

"Gbogbo wọn. Àti ilé wọn."

Oyèyẹmí jókòó sétí ibùsùn, ó mú ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ mọ́wọ́.

Ìgbà náà ni fóònù Ọ̀ṣuntọ́lá dún. Ó ti pẹ́ tí etí fóònù náà ti bàjẹ́, ìta gbangba ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn Jannat bo gbogbo wọ́ọ̀dù, ariwo ọjà wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá! Mo ti rajà tán. Ṣé àwọn adìẹ ti gba abẹ́rẹ́?"

Àwọn obìnrin orí ibùsùn yíjú padà. Ọ̀ṣuntọ́lá wò wọ́n. Gbogbo wọn wé sáfù, gbogbo wọn ní okùn oògùn lọ́wọ́. Bóyá ọgbẹ́ inú làwọn ilé tiwọn náà ń pè é.

"Jannat," ó wí. Ó gbé fóònù súnmọ́ ẹnu. "Jannat, kò sí adìẹ kankan. Jẹjẹrẹ ọyàn ni. Ìyàwó mi, Rúùtù, ló ń ṣe. Oògùn ẹ̀ lo gbé sábẹ́ yìnyín, kò sì gbọdọ̀ dì. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Èmi ni mo parọ́ fún ẹ."

Ariwo ọjà nìkan ni wọ́n ń gbọ́, ẹnìkan ń polówó àlùbọ́sà. Nígbà tí ohùn Jannat padà wá, kì í ṣe ohùn tó ti ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

"Kò gbọdọ̀ dì," ó wí. "Bíi tìyá mi. Abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ yẹn náà ò gbọdọ̀ dì, Màmá. Fíríìjì kékeré kan wà ní yàrá mi tí mo rà torí ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ yẹn ló ń gbé e, mo sì ń jí wò ó lẹ́ẹ̀mejì lóru. Ọdún mẹ́rin rèé, kò sí ìgò kan tó dì rí." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Wàllàhí, ẹ̀ bá ti sọ fún mi."

Rúùtù na ọwọ́ tí kò ní okùn, ó gba fóònù náà.

"Jannat, èmi ni," ó wí. "Ǹjẹ́ àyè ṣì wà nínú fíríìjì kékeré yẹn?"

"Àyè wà," Jannat dáhùn. Ó ti ń sunkún. "Àyè ti wà ńbẹ̀ tipẹ́."